Ọ̀rọ̀ Tí Kò Tíì Jáde Tán

Ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn láti igun ẹnu Bámgbóyè, ó gba àgbọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì kán sórí bùláòsì tí Monínúọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán. Monínúọlá mọ̀ pé kò yẹ kí òun tíì wọ̀ ọ́ nígbà tí òun ṣì ń fún ọkọ òun lóúnjẹ. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, nítorí kíláàsì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àti nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́ débi tí kò fi mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú mọ́.

"Ẹ gbé e mì, Dádì," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e mì."

Ọkùnrin náà gbójú sókè wò ó. Ojú òsì rẹ̀ mọ́ kedere bíi tàtijọ́. Tọ̀tún ló sọ̀ díẹ̀, bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Ó la ẹnu. "Ẹ... ẹ..."

"Ẹ ti yó. Ó dáa, mo ti gbọ́." Ó gbé abọ́ kúrò, ó fi aṣọ ìnujú nu ẹnu rẹ̀, ó sì fi aṣọ kan náà nu bùláòsì ara rẹ̀. Ńṣe ni àbàwọ́n náà tún fẹ̀ sí i.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Bámgbóyè ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kó tó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá. Ní Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì, níbi tí wọ́n kọ́lé sí, ohùn rẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n máa ń pè kó wá ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ọjọ́ ńlá bá dé, àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á sì gbọ́ ọ láìsí ẹ̀rọ. Láti oṣù Kejì tí rọpárọsẹ̀ ti bá a nínú balùwẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣe dáadáa mọ́, ohùn ńlá náà sì ti di ìró kúkúrú kúkúrú tí Monínúọlá nìkan ń túmọ̀. Ó ti mọ́ obìnrin náà lára. Ọkọ rẹ̀ kò ní tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀ tí òun á ti bá a parí rẹ̀, á sì ti dìde lọ ṣe é.

Fóònù dún. Morẹ́nikẹ́, ẹ̀gbọ́n Bámgbóyè obìnrin, ló ń pè láti Ìjàn. Gbogbo Sátidé ló máa ń wọkọ̀ wá sí Adó láti wá jókòó ti àbúrò rẹ̀, kí Monínúọlá lè ráyè ṣe kíláàsì yunifásítì rẹ̀ lórí ayélujára.

"Ìyàwó, má bínú sí mi." Èkìtì kún ẹnu rẹ̀ bó ṣe máa ń kún un bí ara bá ń ro ó. "Orúnkún yìí tún ti wú. Mo dé ẹnu ọ̀nà ulé, n ò lè gbẹ́sẹ̀ sókè bọ́ sínú ọkọ̀. Ṣé uṣẹ́ tòní kọ́ lo ní ó le?"

"Kò le, Àǹtí mi. Ẹ máa fi nǹkan gbígbóná jó o. Ẹ má dààmú nípa wa."

Irọ́ ni. Iṣẹ́ ọjọ́ náà le. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣí kámẹ́rà, kó ṣàlàyé ìwádìí tó ṣe, kí olùkọ́ sì bi í ní ìbéèrè. Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ní sáà tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù ni Monínúọlá wà. Bí tòní bá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀, ó sì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní dúró di ọdún tó ń bọ̀, òun á fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ó ti sọ fún Dùnmínínú, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ó rò pé ọmọ náà á jiyàn. Dùnmínínú kàn dá a lóhùn lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ohun tí agbára yín bá ká ni." Pé kò jiyàn yẹn ló dùn ún jù.

Oyún Dùnmínínú yìí ló mú un kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ láyé ìgbà náà, nígbà tó ṣì wà ní ọdún kìíní. Òun àti Bámgbóyè fẹnu kò pé kó dúró díẹ̀. Díẹ̀ náà gùn. Bámgbóyè padà sí yunifásítì lọ gba oyè kejì. Àwọn ọmọ wọ ilé-ìwé, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì kọ́lé. Bí wọ́n bá ti parí ọ̀kan, ọkọ rẹ̀ á ní, "Tìrẹ ló kàn." Kì í sì í ṣe pé ó ń purọ́. Nǹkan mìíràn ló kàn máa ń kọ́kọ́ dé. Monínúọlá ń ṣe igbákejì olùkọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan nítòsí ilé, ó ń fọ ìdí fún ọmọ, ó ń kọ́ wọn lórin, ó ń rí i tí àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìwé-ẹ̀rí ń dé, tí wọ́n ń fún wọn ní kíláàsì tiwọn.

Nígbà tí Bámgbóyè fẹ̀yìn tì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wọlé lọ́jọ́ kan, tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, tó sì bá a forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì tó ń kọ́ni lórí ayélujára. "Ó tán," ó ní. "Kò sí nǹkan mìíràn tó kàn mọ́." Sáà méjì gbáko ló fi ń jókòó tì í, tó ń se tíì fún un, tó ń tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe títí tí inú á fi bí i. Lẹ́yìn náà ni oṣù Kejì dé. Ohun tí Monínúọlá kò lè sọ fún Àǹtí Morẹ́nikẹ́ tàbí fún ọmọ, tí kò tilẹ̀ lè sọ nínú àdúrà, ni pé inú ń bí òun sí ọkùnrin náà, bí ẹni pé ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ lọ wá nǹkan mìíràn tí yóò tún ṣáájú.

Ó gbé e jókòó sínú àga ńlá tó wà lójú fèrèsé pálọ̀, ó fi ìrọ̀rí há a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì oúnjẹ lọ́nà tí yóò fi máa rí i bó bá yíjú sí òsì. Ó da aṣọ àwọ̀lékè bo ibi tí ògì kán sí. Ó wọ inú kíláàsì lórí kọ̀ǹpútà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti wà níbẹ̀, ojú kéékèèké nínú àpótí kéékèèké. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìyìn, ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ́ olórí kíláàsì, juwọ́ sí i. "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì." Dókítà Ìbítóyè, olùkọ́ wọn, kò kí ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan tó máa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní ni, tí kì í fi àsìkò ṣòfò, tí kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn fi ṣòfò. Ó pe ẹni àkọ́kọ́. Ó pe ẹnì kejì. Monínúọlá ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Lójú fèrèsé, Bámgbóyè ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ... ẹ..." Monínúọlá yẹ máìkì rẹ̀ wò, ó rí i pé ó wà ní títì, ó sì fi ìka bo ẹnu sí ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe sí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pè tẹ̀lé e.

Ó ṣí máìkì. Àkòrí rẹ̀ ni bí ọmọdé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà sórí, ó ń sọ ọ́ jáde bí ẹni ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dé ìdajì. Ó rò pé òun fẹ́ rí ọ̀nà lọ.

Ìró tó gbọ́ kò le. Ó dà bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bá ti ara ògiri yọ̀ sílẹ̀.

Kò rántí pé òun dìde. Ó kàn bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ni, Bámgbóyè nà gbọọrọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ká sábẹ́ rẹ̀. Ó ti gbìyànjú láti dìde. Monínúọlá tọwọ́ bọ abíyá rẹ̀, ó fà á, kò lè gbé e. Ó tún fà á. Ó pariwo pe Kúdírát tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn, ó pè é títí tí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí kò rẹ́ni dáhùn lójú ẹsẹ̀, nǹkan kan já nínú rẹ̀.

"Kí lẹ tún ń wá? Ẹ sọ fún mi, kí lẹ tún ń wá? Gbogbo ọjọ́ ni tiyín. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín, gbogbo ọjọ́ ni tiyín! Ṣé ẹ ò wá lè yọ̀ǹda ìwọ̀nba àsìkò yìí fún mi ni?"

Bámgbóyè gbójú sókè. Ó ń wò ó láti ilẹ̀.

Kúdírát já wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, gèlè lọ́wọ́, bàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀. Ará Ìwó ni, aṣọ òkìrìkà ló ń tà ní Fájuyì, ó sì ti ń múra ọjà. "Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́!" Ó sọ gèlè sílẹ̀. "Ẹ bọ́ sí ọ̀hún, Mọ́mì Dùn. Ẹ dì wọ́n mú ní ìbàdí. Dádì, ẹ fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn. Ó yá." Wọ́n gbé e. Ó wọ àga. Monínúọlá fọwọ́ tẹ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè sódò, ó wo orí rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ibi tó wú.

Nígbà tó yíjú padà ló rí iná kékeré aláwọ̀ ewé lórí kọ̀ǹpútà.

Kámẹ́rà wà ní ṣíṣí. Máìkì wà ní ṣíṣí. Àwọn ojú kéékèèké inú àpótí ti rí gbogbo rẹ̀. Ìyìn fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn kan ti tẹjú mọ́lẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń ṣe bó bá ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń wẹ̀. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó lọ síbi tábìlì láti pa nǹkan náà dé. Ó ti mọ̀ pé bí òun bá ti pa á dé, òun ò ní ṣí i mọ́.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tì í."

Dókítà Ìbítóyè ni. Yorùbá ló sọ. Kò sọ ọ́ rí nínú kíláàsì, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ níbẹ̀, bí ohùn ènìyàn tó wà nílé ara rẹ̀.

"Ṣé wọ́n fara pa?"

"Wọn ò fara pa, mà. Ọkọ mi ni. Rọpárọsẹ̀ ló bá wọn."

"Ẹ kú ìtọ́jú. Ṣé kí n sún tiyín sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Àánú tí Monínúọlá ti ń wá láti òwúrọ̀ nìyí. Ó la ẹnu láti dúpẹ́, ohun mìíràn ló sì gbọ́ tó jáde. "Rárá, mà. Bí mo bá kúrò níbí báyìí, n ò ní padà wá."

Olùkọ́ náà ti ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó dáa. Ẹ pa ìwé yẹn tì. Yorùbá ni kí ẹ fi bá mi sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ pé bí ọmọ bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ àìsàn. Kí ló tún lè fà á? Èyí tí ẹ fojú rí ni kí ẹ sọ, kì í ṣe èyí tí ẹ kà."

Monínúọlá jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Kúdírát fa àpótí ìjókòó sún mọ́ àga Bámgbóyè.

"Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa, mà. Níìfẹ́mi. Ó ti tó ọmọ tí í sọ̀rọ̀, kò sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní kíláàsì òkè. Bí a bá bi Níìfẹ́mi ní nǹkan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti dáhùn. Bí ó bá ti ní 'ọ', ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní, 'Ó fẹ́ lọ tọ̀.' Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ rí àyè jáde. Nígbà tó yá, àwa olùkọ́ náà ń ṣe é. Iṣẹ́ pọ̀, mà. Ó yá ju ká máa dúró lọ."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo jókòó síwájú rẹ̀ lásìkò oúnjẹ lọ́jọ́ kan, mo dákẹ́. Kò rọrùn, mà. Ẹnu ń yún mi. Ó ní, 'Mi... mi...' Mo ti mọ̀ pé 'Mi ò yó' ló fẹ́ sọ, mo ti gbé ṣíbí kí n bu òmíràn fún un. Mo wá dá ọwọ́ mi dúró. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun tán, wọ́n lọ ṣeré. Àwa méjèèjì ṣì wà níbẹ̀."

"Kí ló padà sọ?"

"Ó ní, 'Mi ò fẹ́ ẹyin.'"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. Ẹlòmíràn dara pọ̀. Dókítà Ìbítóyè pàápàá mi orí.

"Gbogbo ìgbà la ti ń fún un lẹ́yin, mà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní ẹyin ló fẹ́ràn."

"Nítorí náà, ẹni tó ń bá ọmọ parí ọ̀rọ̀..."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń parí," Monínúọlá ní. Ó dúró. Kò bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, mà."

Olùkọ́ náà kọ nǹkan sílẹ̀. "Ẹ ò dé apá kejì iṣẹ́ yín, n ò sì lè fún yín ní máàkì ohun tí ẹ ò ṣe. Kò ní pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yege." Ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó pe orúkọ ẹlòmíràn.

Monínúọlá rò pé inú òun máa dùn. Ó ń retí rẹ̀, kò wá. Ohun tó wá ni oorun.

Nígbà tí kíláàsì parí, Kúdírát ṣì wà lórí àpótí náà, ọwọ́ òsì Bámgbóyè nínú tirẹ̀. Ọjà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn oníbàárà òwúrọ̀ ti ra tiwọn lọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

"Ẹ má bínú, Kúdírát. Mo ti da ọjọ́ yín rú."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀." Ó ń wé gèlè rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì Dùn, n kò sí níbí nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì o. Ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ fi ń sọ ti Yorùbá yìí, Dádì ò mira. Bí mo bá fẹ́ fún wọn lómi, wọ́n á fọwọ́ tì í. Ẹ̀yin ni wọ́n ń wò."

Ó wá bàtà rẹ̀ kejì lọ.

Ọ̀sán náà lọ bí ọ̀sán ṣe ń lọ nílé aláìsàn. Monínúọlá pààrọ̀ aṣọ ọkọ rẹ̀, ó fọ èyí tó bọ́, ó sin ín lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sin ín bọ̀. Ó pe Àǹtí Morẹ́nikẹ́, ó sọ fún un pé àwọn ti ṣe é, pé ó lọ dáadáa. Kò sọ̀rọ̀ ìṣubú. Bámgbóyè kò dún ní gbogbo àsìkò yìí. Bí obìnrin náà bá ní "Ẹ gbé apá," ó ń gbé apá. Ó ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe bí àlejò tí kò fẹ́ yọ onílé lẹ́nu, èyí sì burú fún Monínúọlá ju ariwo lọ.

Òjò rọ̀ díẹ̀, ó dá. Ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ pálọ̀. Monínúọlá gbé omi tí yóò fi ro ẹ̀bà kaná, ó sì wá pa fèrèsé dé. Ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga gígùn tó ti tẹ́ ọkọ rẹ̀ sí nígbà tí ọkùnrin náà la ẹnu.

"Jó..."

"Jọ̀ọ́ kí ni, Dádì? Ṣé òùngbẹ ni?"

Orí rẹ̀ mì. Rárá.

"Ìrọ̀rí ni." Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti mú etí ìrọ̀rí. Ó wá rí ojú rẹ̀. Bámgbóyè ti pa ojú dé, kì í ṣe bí ẹni tó ń sùn, bíkòṣe bí ẹni tó ti lu ilẹ̀kùn títí tó fẹ́ máa padà lọ.

Monínúọlá fi ìrọ̀rí sílẹ̀. Ó dìde dúró. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ níwájú kí wọ́n má baà lọ mú nǹkan kan.

Ó pẹ́. Ọkùnrin náà la ojú, ó rí i pé ó ṣì dúró síbẹ̀. Ó gbìyànjú, kò bọ́ sí i. Ètè rẹ̀ kó jọ, ó tú ká. Òógùn yọ ní iwájú orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méje, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ló sáré wá sí ẹnu Monínúọlá, ó sì ń gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òpópónà, ọ̀kadà kan kọjá nínú ẹrẹ̀. Nínú kíṣìnì, ìkòkò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Jó..." Bámgbóyè mí kanlẹ̀. "Jó-kòó."

Kò kọ́kọ́ yé e, nítorí kò sí nínú àwọn tó ti ń retí. Kì í ṣe omi, kì í ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kì í ṣe ìrora. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó wọ́ ọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí àyè fi wà ní etí àga náà.

Monínúọlá jókòó síbẹ̀. Kò mọ̀ pé ìbàdí ń ro òun tó bẹ́ẹ̀ títí ara rẹ̀ fi kan tìmùtìmù.

"Dádì," ó ní. "Èyí tí mo sọ láàárọ̀... Èyí tí mo sọ yẹn..."

Ọ̀rọ̀ yòókù kò jáde. Ó gbójú sókè. Bámgbóyè ti yí orí sí i. Kò mi orí pé kó má sọ ọ́ mọ́, kò sì nawọ́ láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ń wò ó ni, ojú tó mọ́ àti ojú tó sọ̀, ó ń dúró dè é.

Nínú kíṣìnì, omi ti hó, ó ń ta ọmọrí ìkòkò sókè. Monínúọlá ń gbọ́ ọ. Kò dìde.